Ọjọ́ Tí Kọ̀ǹpútà Ọkọ Mi Yadi

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Dagenham, Lọ́ńdọ̀nù

Ìwé mi, má bínú sí ìkọ̀wé mi tó wọ́, mò ń kánjú ni.

Lọ́sàn-án yìí, àwọn tó fẹ́ gba ọkọ mi síṣẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ń rí i, wọn ò gbóhùn ẹ̀. Ó pa á, ó tún tàn án, pàbó. Wọ́n ní kó máa lọ.

Ìyá ọkọ mi ní èmi ni mo bà á jẹ́, torí mo fi aṣọ tútù nù ún lánàá. "Ará oko! Ṣé àwo ọbẹ̀ lo pè é ni?"

Mo kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ títí àbúrò ọkọ mi, tí mò ń pè ní Akọ̀wé, fi ti ilé ìwé dé. Ó tẹ ibì kan, ohùn jáde.

"Mọ́mì, Àǹtí kọ́ o. Ọ́pídéètì ni. Kọ̀ǹpútà yìí tún ara ẹ̀ ṣe lóru, ló bá pa máìkì."

Inú mi dùn, mo fẹ́ dìde.

"Kúnlẹ̀ síbẹ̀ jàre," Mọ́mì wí, "èyí tó o máa bà jẹ́ lọ́la ńkọ́?"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín.

Bóyá ojú ló ń tì í. Tó bá ku àwa méjì, á bẹ̀ mí. Ṣebí ó ṣèlérí pé òun ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni... Mọ́mì ti ń pariwo "Ìyàwó!", wọ́n ní kí n wá—