Ẹ̀rọ Kan, Apá Méjì

Àkọ́bí mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé iṣẹ́ ò pa ọ́ lára? Gbogbo wa nílé ń kí ọ. Níbi tí ẹsẹ̀ rẹ bá tẹ̀ nílùú ńlá yẹn, ire ni yóò máa pàdé rẹ, o ò sì ní dá sí ìjà tí kò kàn ọ́. Àmín.

Àwọn dókítà kan dé sílé ìwòsàn wa, wọ́n ní àwọn ń ṣe ìwádìí lórí ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn àwa tá à ń yan ẹja nínú èéfín. Nọ́ọ̀sì ka ìwé kan sí mi létí pé mo lè kúrò nínú ìwádìí náà nígbàkigbà tó bá wù mí. Mo ní ṣé mo ti ṣẹ̀ wọ́n ni, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó? Wọ́n ní kí n fẹ́ atẹ́gùn sínú páìpù kan. Mo fẹ́ ẹ títí ojú mi fi ń ṣú, nọ́ọ̀sì sì ń pariwo pé kí n máa fẹ́ ẹ lọ, àfi bí ẹni pé mò ń rọbí. Mo bi í pé ibo ni wọ́n ń kó atẹ́gùn mi lọ, ó kàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹ̀dọ̀fóró mi ti rẹ̀ díẹ̀, àmọ́ tí mo bá gbé ààrò síta, kò ní burú sí i.

Wọ́n wá de ẹ̀rọ tó ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mọ́ mi lápá, wọ́n ní kò gbọdọ̀ kúrò lápá títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ń fún mi, ó ń tú mi sílẹ̀, mo sì gbà pé ìwòsàn ló ń ṣe. O ṣáà mọ bàbá rẹ. Ó pẹ́ tí orí ti ń fọ́ ọ, tó jẹ́ pé tó bá ti gé pákó méjì, á jókòó, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Kò gbà kí n mú òun lọ sílé ìwòsàn, ó ní gbẹ́nàgbẹ́nà kì í gbé ara rẹ̀ fún ẹlòmíì wọ̀n. Ọmọ mi, ẹ̀rù ń bà mí, mi ò fẹ́ di opó. Àjọjẹ ò sì dùn bí ẹnìkan ò ní, ṣé kí n máa dá gba ìtọ́jú ọ̀fẹ́ kí ọkọ mi máa wò mí lẹ́nu? Nígbà tó di ọ̀sán, mo tú u, mo ní ó ti ń dùn mí lápá, kí bàbá rẹ bá mi gbé e di àárọ̀, mo sì dè é mọ́ ọn. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ kúrò lápá, wọn ò sọ pé apá ta ni.

Nígbà tí mo dá a padà, dókítà wo kọ̀ǹpútà títí, ó yọ gíláàsì ojú, ó tún wọ̀ ọ́. Ó ní títí di ọ̀sán, ara mi le. Láti ọ̀sán lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru tó lè gbé èèyàn ṣubú ni. Ó bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́sàn-án. Mo ní kò sí nǹkan kan, ọkọ mi ni. Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ dókítà ò rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n fi ọkọ̀ lọ gbé e wá kíákíá.

Wọ́n ní mo ti ba èsì wọn jẹ́, àwọn máa tún un ṣe. Mo bẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n mi ò kábàámọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí bàbá rẹ ti ń lo oògùn. Orí ò fọ́ ọ mọ́. Lánàá, ó gé pákó márùn-ún kó tó jókòó, ó wá ń ṣe bí ẹni pé òun ló mú ara rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Fi owó ìṣó àti páànù ránṣẹ́ kó lè kan ilé ààrò mi síta. Ó ní òun ò ní gbowó iṣẹ́. Dókítà ní àìsàn yìí a máa wọ ìdílé, a sì máa fara pamọ́ sára ọ̀dọ́. Lọ wọn tìrẹ lọ́sẹ̀ yìí, má jiyàn bíi ti bàbá rẹ. Ìwọ ni wàá sin wá lẹ́yìn tá a bá ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, àwa ò ní sin ọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.