Aṣọ Tí Kò Ṣí Níwájú

                                        Òkè Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Ilé-Ìwòsàn.
                                        Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà.

Abẹ́rẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ oògùn? Tèmi náà, mo wà láàyè, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n orí mi dàrú, ìwọ nìkan ni mo sì lè sọ ìdí rẹ̀ fún.

O ti gbọ́ pé ọkàn mi fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ohun tí o kò tíì gbọ́ ni ti aṣọ. Nígbà tí mo dé wọ́ọ̀dù, wọ́n bọ́ tọrùn mi, wọ́n wọ aṣọ aláìsàn fún mi. Lọ́jọ́ kejì, ọkàn mi tún dákẹ́ lójijì. Dókítà gbé ẹ̀rọ tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ àyà dé, ó fa aṣọ, aṣọ kò ṣí. Wọ́n ti rán iwájú rẹ̀ pa! Sísọ́ọ̀sì ni nọ́ọ̀sì àgbà fi gé e kí wọ́n tó ráyè gbà mí là. Nígbà tí ara mi balẹ̀, ó fi àkísà náà hàn mí, ó ní, "Bàbá, aṣọ yìí fẹ́ẹ̀ẹ́ pa yín o. Ta ló tiẹ̀ rán irú eléyìí?"

Abẹ́rẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ wa ni. Ṣé o rántí aṣọ ogójì tí ẹgbẹ́ aránṣọ ní ká rán lọ́fẹ̀ẹ́ fún ilé-ìwòsàn, tí èmi àti ìwọ jọ jókòó rán ní ṣọ́ọ̀bù mi? Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé kí iwájú ṣí, ká fi okùn dè é. A ní okùn ń fi àkókò ṣòfò, ọ̀fẹ́ ṣáà ni. A rán an pa bí àpò ìrọ̀rí, a tún ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀ lóòótọ́. Ojú tì mí débi pé mo fa bẹ́ẹ̀díṣíìtì borí níwájú nọ́ọ̀sì.

Nígbà tó gbọ́ pé aránṣọ ni mí, òun náà ló wá bẹ̀ mí pé kí n wá sọ̀rọ̀ níwájú ẹgbẹ́ wa lọ́jọ́bọ̀, kí wọ́n tún bá wọn rán òmíràn, torí aṣọ kò tó, bẹ́ẹ̀díṣíìtì ni àwọn kan ń ró kiri. Kí ni kí n sọ? Bí mo bá jẹ́wọ́, alága lè bínú pé mo ba ẹgbẹ́ jẹ́, kó má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n rán nǹkan kan mọ́. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á rán an bí a ṣe rán an, ẹlòmíràn sì lè má pàdé nọ́ọ̀sì tó ní sísọ́ọ̀sì lápò. Ìyàwó mi ní kí n sọ̀rọ̀, àbúrò mi ní kí n panu mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ ọ̀rọ̀ tí màá sọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ya á.

Èyí tó tún wá dà mí lọ́kàn rú jù ni pé mi ò mọ̀ bóyá èmi ni mo rán aṣọ yẹn àbí ìwọ. Ọ̀gá kan náà ló kọ́ wa, ọwọ́ wa kò yàtọ̀. Mo mú àkísà náà wálé, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lójú fèrèsé títí, mi ò lè dá a mọ̀.

Èmi á sọ pé èmi ni. Jọ̀wọ́, ìwọ bá mi rán mẹ́wàá kó tó di ọjọ́ náà, kí iwájú rẹ̀ ṣí, kí okùn rẹ̀ ṣeé tú wéré. Rán an bí ẹni pé èmi ni mo máa wọ̀ ọ́. Èmi náà ń rán tèmi bí ẹni pé tìrẹ ni.

Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ gidigidi, kí o sì kí ọ̀gá wa bí o bá rí wọn.

Èmi ni tìrẹ, tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń lù,
Bọ́tìnì.