Ilẹ̀ Tí Mo Gbá Lábẹ́ Máńgòrò

Ọjọ́ Ajé, 13 Oṣù Kìn-ín-ní, 2025. Ìkẹ́nnẹ́.
Màmá Adétúnbọ̀ ti lọ. Ọmọ wọn, Àǹtí Adéyọ̀sọ́lá, ló fi mọ́tò wá gbé wọn lọ sí Ìkòròdú fún iṣẹ́ abẹ ojú. Ó ku èmi ayálégbé nìkan nínú ilé, èmi àti àwọn ewéko fẹ́ẹ̀nì Màmá lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé. Ewé ara ọ̀pẹ là ń pè é nílé wa ní Ìlárá. Kì í tanná, kì í so. Òjìji ló fẹ́ràn.
Kí Màmá tó wọ mọ́tò, wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Tiwalọpẹ́, máa fún wọn lómi. Ọmọ mi fẹ́ kí n máa gbé lọ́dọ̀ òun pátápátá. Mo ní rárá, mo ní ohun tí mò ń tọ́jú nílé."
Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Ta ló rán mi?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14.
Abẹ́ máńgòrò kún fún ewé gbígbẹ, bí ilé tí kò léèyàn. Mo gbá gbogbo rẹ̀, mo sun ún. Ìyá Kàúsárà yọjú láti ilé kejì: "Ayálégbé Màmá! Ìyá rẹ kọ́ ẹ o. Wo bí ilẹ̀ ṣe ń dán!"
Inú mi dùn. Òun nìkan ló bá mi sọ̀rọ̀ lónìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 17.
Kíláàsì. Àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tún ṣófo. Mo délé, mo gbálẹ̀, mo bomi rin wọ́n. Mo ti fún wọn lórúkọ. Èyí tó ga jù — Alága. Èyí tó sá pamọ́ sẹ́yìn òkúta — Onítìjú. Mo sọ fún Alága pé ìdánwò ń bà mí lẹ́rù. Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 26.
Ọyẹ́ mú gan-an. Etí ewé Alága ti ń gbẹ. Ṣé omi ò tó ni? Àbí ó pọ̀ jù? Màmá pè: "Àwọn ọmọ mi ńkọ́?" Mo ní wọ́n wà dáadáa. Kí ló dé tí mo sọ bẹ́ẹ̀?

Ọjọ́rú, 29.
Mò ń gbálẹ̀ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ báyìí. Bóyá ìdọ̀tí ló ń ṣe wọ́n.

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kejì.
Alága kú. Àwọn yòókù ti ń tẹ̀lé e.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8.
Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìlárá. Mo bá Bàámi lóko. Nínú ọyẹ́ yìí, ewé ara ọ̀pẹ tutù yọ̀yọ̀! Ta ló ń bomi rin ín? Mo ti ìka bọ ìdí rẹ̀. Ewé jíjẹrà ló kún ibẹ̀, dúdú, ó tutù. Bàámi pariwo: "Kí lò ń wá níbẹ̀? Ṣé o fẹ́ kí ejò bù ọ́ jẹ ni?"
Kò sẹ́ni tó ń gbálẹ̀ ara ọ̀pẹ.
Ìgbálẹ̀ mi ló pa wọ́n.

Ọjọ́ Àìkú, 9.
Mo bẹ Ìyá Kàúsárà pé kí wọ́n má sun ewé tí wọ́n bá gbá, kí wọ́n fún mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. "Mo ti rí ẹni tó ń tọrọ iyọ̀, mo ti rí ẹni tó ń tọrọ iná. Mi ò rí ẹni tó ń tọrọ ìdọ̀tí rí o!" Wọ́n gbé àpò kan fún mi: "Gbà. Kí Ọlọ́hun bù sí i."
Mo tẹ́ ẹ sí ìdí gbogbo wọn. Onítìjú nìkan ló ṣì tutù. Ìgbálẹ̀ mi kì í dé ẹ̀yìn òkúta.

Ọjọ́rú, 12.
Màmá pè. Wọ́n ní àwọn ti ń bá ọmọ wọn jà, pé dandan ni kí àwọn padà wálé wo àwọn ọmọ àwọn. Mo jẹ́wọ́.
"O gbá abẹ́ wọn? Lójoojúmọ́?"
"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."
"O sì sun ewé náà?"
"Mo sun ún, mà. Ọ̀kan ló kù."
Mo gbọ́ ohùn Àǹtí lẹ́yìn wọn: "Màmá, ẹ ò rí i? Kí lẹ tún fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?" Fóònù sì pa. Màmá ò kí mi pé ó dàárọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 14.
Onítìjú yọ ewé tuntun. Ó ká bí ìrù alágẹmọ. Mo ya fọ́tò rẹ̀ — ta ni màá fi hàn? Mo pe Àǹtí pé kí wọ́n bá mi sọ fún Màmá. "Màá sọ fún wọn." Ìyẹn nìkan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15.
Màmá pè láàárọ̀. Wọn ò kí mi.
"Èwo ló kù?"
"Ti ẹ̀yìn òkúta, mà."
"Ìyẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Òun nìkan ni mo gbìn lákọ̀ọ́kọ́." Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń ti ilẹ̀kùn mọ́tò. "Tiwalọpẹ́. Má gbálẹ̀ dè mí o."
Ìyá Kàúsárà ti yọjú: "Ṣé ara rẹ ò yá ni? Ewé ti bo ilẹ̀!"
Mo ní ara mi yá, mà. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ewé ń já bọ́.