Ẹ̀kúnwọ́ Erùpẹ̀ fún Anupa

Abúlé Jaltoli,
lẹ́bàá Gumla.
Oṣù Kọkànlá.

Anupa, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Jai Yesu o. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ nínú ìlera, kí òtútù tó ń mú wa lápá ibí má rí ọ̀nà gba orí ògiri yín kọjá. Tèmi kò burú. Orúnkún ọ̀tún ṣì ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ṣùgbọ́n mo ti kórè ìrẹsì tán, ewúrẹ́ dúdú sì ti bí méjì. Sístà Balamdina tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé àwọn Sístà yín ní kí n máa fi orúkọ tuntun tí wọ́n fún ọ pè ọ́. Màá gbìyànjú. Nínú ìwé tòní, Anupa ni o.

Láti ìgbà Àjíǹde ni o ti ń retí èsì mi. O ní bí mo bá ní kí o wálé, wàá wálé. Bí mo bá sì yọ̀ǹda rẹ, wàá jẹ́ ẹ̀jẹ́ ìkẹyìn lọ́jọ́ Ìfarahàn Olúwa. Ìyá Àgbà tó jẹ́ olórí yín níbẹ̀ náà kọ̀wé pé àwọn ń retí ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Mo dákẹ́. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Ta ló máa bí ẹyọ ọmọ kan ṣoṣo tó máa gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀?

Ohun tó kọ́kọ́ dá mi dúró ni ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé Ìyá Àgbà: klọ́ísítà. Ó ní inú rẹ̀ ni wàá wà títí ayé. Mo gbé e tọ Jolen katikísìtì lọ, ẹni tó kọ́ ọ lórin kíkọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù rẹ̀. Fóònù ní math ni lédè Hindi, ilé tí àwọn sádù, àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù tó fi ayé sílẹ̀, ń gbé. Jolen rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́. "Kornelius, a bá ẹ yọ̀ o! Ọmọ ẹ máa tó fi eérú para, á máa tọrọ báárà kiri." Mo ní kó wo bí àwọn Òyìnbó ṣe ń lò ó. Fóònù mú àpẹẹrẹ jáde: ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó sé ara rẹ̀ mọ́ àárín ìwé, tí kò mọ iye tí wọ́n ń ta búrẹ́dì. Èmi náà wá rẹ́rìn-ín. Ìwọ tí o máa ń ná ata lọ́jà ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí ẹni tó ń tà á á fi bẹ̀ ọ́ pé kí o máa gbé e lọ! Fóònù kò mọ̀ ọ́ rárá.

Nígbà tí mo wá kí ọ nínú oṣù Kẹsàn-án, mo bi Sístà Balamdina. Ó ń ṣa ẹ̀fọ́ lọ́wọ́, kò gbójú sókè. "Bàbá, ògiri yìí náà ni. Ẹni tó bá ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ ìkẹyìn nínú ẹ̀ kì í jáde mọ́. Ibojì wa gan-an, inú níbẹ̀ ló wà." Mo ní, bí òbí ẹni bá wá kú ńkọ́? Ó dá ọwọ́ dúró. "A máa ń gbàdúrà fún wọn, Bàbá. A kì í lọ." Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n pè mí wọlé wá bá ọ, ìwọ lẹ́yìn irin, èmi níwájú irin, mo wá ń sọ ìtàn ewúrẹ́ fún ọ. O rò pé inú mi dùn. Ohun tó wà nínú mi lọ́jọ́ náà kò gba àárín irin kọjá.

Kí ni mo bímọ fún, bí kì í bá ṣe kó lè bu erùpẹ̀ sí mi lára lọ́jọ́ ìkẹyìn? Nígbà tí ìyá rẹ kú, ìwọ lo kọ́kọ́ ju tìrẹ kí n tó ju tèmi. Kamila, ìyàwó àbúrò mi, kò sì jẹ́ kí n sinmi. "Bàbá Anupa, ẹ wo bí ẹ ṣe ń bá ewúrẹ́ jiyàn láàárọ̀ kùtù. Ẹ pe ọmọ yín wálé jàre. Ọlọ́run ní ọmọbìnrin púpọ̀, ẹyọ kan lẹ ní." Mo ní kó gbé ẹnu rẹ̀ lọ sílé ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Mo dá wà, Anupa. Bí mo bá fẹ́ se ìrẹsì, ti ẹni méjì ni ọwọ́ mi máa ń bù, màá wá jẹ ìyókù ní tútù lọ́jọ́ kejì. Nígbà ọdún Karma, tí gbogbo abúlé ń jó yí ẹ̀ka igi ká, mo jókòó sílé, mo ní orúnkún ń dùn mí. Kì í ṣe orúnkún. Mo ti pinnu pé màá ní kí o wálé.

Ọjọ́ Àwọn Òkú ni ọ̀rọ̀ yí padà. Mo tan àbẹ́là sórí ibojì ìyá rẹ, mo lọ tan ti baba mi, ibẹ̀ ni mo ti rántí. Erékùṣù Andaman ni mo wà nígbà tí baba mi kú, à ń gé gẹdú. Ọkọ̀ ojú omi kò tètè wá, kí n tó délé koríko ti hù lórí rẹ̀. Mo wólẹ̀, mo ń ké pé n kò sin baba mi. Àǹtí rẹ Salomi, ẹ̀gbọ́n mi, mú aṣọ kan tó ti so ní kókó wá. "Dákẹ́ jàre. Erùpẹ̀ tìẹ rèé. Mo bù ú sọ́tọ̀ kí wọ́n tó dí kòtò. Bàbá mọ̀ pé ò ń bọ̀, wọn ò kánjú." Mo tú u, mo dà á sórí ibojì. Láti ọjọ́ náà, n kò tún sọ ọ́ mọ́ pé n kò sin baba mi.

Mo wá rò ó pé bí erùpẹ̀ bá lè dúró de ọmọ, ó lè ṣáájú òkú. Mo bù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ, níbi tí wọn yóò gbẹ́ tèmi sí. Ó wà nínú agolo bísíkíìtì tí mo gbé pẹ̀lú ìwé yìí sínú àpótí yíyí ara ògiri yín, èyí tí ẹ fi ń gba ẹrù láti ìta. Bù ú sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ. Gba àdúrà tí o bá fẹ́ gbà. Bí ẹkún bá wá, sun ún. Bí kò bá wá, má fipá pè é. Lẹ́yìn náà, dá a padà sínú agolo, kí o yí àpótí náà padà sí mi. Bí o ṣe ń ka ìwé yìí, mo wà níta ògiri yín, lórí àga Sístà Balamdina, mò ń dúró. Kamila ló máa bá wa tọ́jú rẹ̀. Ó bú mi, ó sunkún, ó sì ṣèlérí pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé mi sọ̀ kalẹ̀, tìrẹ lòun máa kọ́kọ́ dà kí ẹnikẹ́ni tó da tiwọn.

Bí agolo yẹn bá ti padà dé ọwọ́ mi, o ti sin mí nìyẹn. Lọ jẹ́ ẹ̀jẹ́ rẹ.

Ọlọ́run tí o yàn láti bá gbé yóò tọ́jú rẹ jù mí lọ. Oúnjẹ kò ní sá fún ọ, àìsàn kò ní mọ yàrá rẹ. Ohùn tí Jolen kọ́ kò ní ha. Bí o bá ń dìde láàárọ̀ kùtù láti gbàdúrà, mọ̀ pé èmi náà ti jí, mò ń bá ewúrẹ́ jiyàn.

Èmi ni baba rẹ tí o ti sin, tó ṣì ń mí,
Kornelius Minj.

Mo tún rántí: mo ti ṣa òkúta inú rẹ̀ kúrò. Mo mọ bí o ṣe fẹ́ràn ìmọ́tótó tó, ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, má ṣe sáré fọ ọwọ́. Bí díẹ̀ bá kù lábẹ́ èékánná rẹ, jẹ́ kó bá ọ wọlé.