Eku Tí Gìrì Fi Sílẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù kẹwàá, 2024
Eku méjì lónìí. Ọ̀kan kú. Má-mí ò bínú. Docteur Larissa ni mo ń pè bẹ́ẹ̀, ọ̀gá mi ní lábò, ilé ìwádìí wa — "má mí" ló máa ń sọ lédè Faransé tí abẹ́rẹ́ bá ti wọ orí eku, kí ọwọ́ mi má baà gbọ̀n. Abẹ́rẹ́ onígíláàsì, ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín bí irun. A ti fún eku lóògùn oorun, a ti de orí rẹ̀ mọ́ irin, a ti lu ihò kékeré sí agbárí. Oògùn tó ń wọ ọpọlọ ò tó omijé èèrà. Ẹ̀rọ ló ń tì í wọlé díẹ̀díẹ̀. Bí a bá yára yọ abẹ́rẹ́, oògùn á tẹ̀ lé e jáde. Bí afẹ́fẹ́ bá bá a wọlé — eku lọ nìyẹn.

Ọjọ́rú, 9
Oògùn wárápá là ń wá. Gìrì á mú eku, á na ẹsẹ̀ gan-an, itọ́ á máa yọ lẹ́nu rẹ̀. Èmi á máa wo fèrèsé. N ò tíì sọ fún Má-mí pé mo ní àbúrò.

Ọjọ́ Àlàmísì, 17
Gìrì ò mú Alágídí mọ́! Òun ló burú jù nínú àwọn eku, òun ló máa ń bù mí jẹ. Má-mí wò ó títí, ó ní, "C'est trop tôt, Sèlíátù." Ó ti yá jù láti máa yọ̀. Mo ní mo gbọ́. N ò gbọ́. Mo gun tásì-mọ́tò lọ sí Dar-es-Salam, àdúgbò wa, mo sọ ọ́ nílé kí n tó bọ́ bàtà.

Ìyá kígbe "Àlùhámúdúlílàhì". Qoyyum, àbúrò mi, dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ti lọ pátápátá lára eku yẹn?" Mo ní ó jọ bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Bàbá Fadila, ọmọbìnrin tó fẹ́ gbé níyàwó, ti sọ fún un ní Botro, ìlú wọn, pé òun ò ní fi ọmọ òun fún ẹni tó ń ṣubú. Láti ìgbà náà, n ò rí eyín rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 20
Ìyá ti sọ fún gbogbo àdúgbò. Wọ́n ń wá kí mi. Ó yẹ kí n là á yé wọn. Mo ń jẹ iṣu mi.

Ọjọ́rú, 23
Qoyyum ní ìgbà wo ni oògùn máa kan èèyàn. Mo ní ọdún mẹ́wàá. Tàbí kó má dé rárá. Ó ní, "Ọdún mẹ́wàá," ó ń fi ọwọ́ pa aṣọ tó ń rán. Mo ní ṣé ó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé. Ó ní, "Mò ń lò ó, Ẹ̀gbọ́n."

Ọjọ́ Jímọ̀, 25
Ara Qoyyum dá ṣáṣá. Kò tòògbé nídìí ẹ̀rọ bíi ti tẹ́lẹ̀. Inú mi dùn.

Ọjọ́ Ajé, 28
Abẹ́rẹ́ wà lórí eku. Fóònù ń gbọ̀n nínú àpò mi — ó dákẹ́ — ó tún bẹ̀rẹ̀. Má-mí ní, "Má mí." Mo dúró títí oògùn fi wọlé tán. Mo tún dúró kí n tó yọ abẹ́rẹ́.

Sheriffdeen ló ń pè, ọ̀gá Qoyyum ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ. Gìrì mú Qoyyum, ó fi í sílẹ̀, ó tún mú un, kò fi í sílẹ̀ mọ́. Mo bá wọn ní ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ní ó ti pẹ́ jù kí wọ́n tó gbé e wá. Mo yíjú sí Sheriffdeen. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìwọ ni mo ń retí. Ìwọ lo ní oògùn."

Ọjọ́ Àtàláátà, 29
Qoyyum kú ní ìdájí. A sin ín lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Ọjọ́ Jímọ̀, 1 oṣù kọkànlá
Mo ń kó ẹrù rẹ̀. Oògùn oníhóró rẹ̀ wà lábẹ́ àwọn òwú, kò fọwọ́ kàn án. Ìyá ní òun mọ̀. Láti ọjọ́ tí mo mú ìròyìn eku wálé ni Qoyyum ti jáwọ́. Ó ní oògùn yẹn ń ra òun níyè, òun fẹ́ kí ara òun mọ́ kí tuntun tó dé. Ìyá gbà fún un.

Mo ní, "Ìgbà tí mo wá sọ ọdún mẹ́wàá fún un ńkọ́?"

"Ó ní o ò ní jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́rú, 6
Mo padà síbi iṣẹ́. Má-mí ti gbọ́. "Yako, Sèlíátù," ó ń bá mi kẹ́dùn. Ó bi mí kí ló dé tí n ò sọ ti àbúrò mi fún òun. Ó ní ó ti yẹ kí a pa Alágídí, kí a gé ọpọlọ rẹ̀ wò, ká mọ ibi tí oògùn dé. Ó ní ẹlòmíì á ṣe é. Mo ní rárá. Mo gbé e jáde. Kò bù mí jẹ. Mo ṣe é.

Nílé, Ìyá ò tíì jẹun. Ó ní, "Àwọn eku yẹn ńkọ́?"

Mo ní gìrì ò mú ìkankan nínú wọn mọ́.

Ó ní, "Oògùn náà dáa nígbà náà."

Mo ní, "Ó dáa, Ìyá."