Ìgò Ọtí Tí Wọ́n Fọ́ Lọ́jọ́ Fídáù Mahfuz

                                                  Anoumabo, Marcory,
                                                  Abidjan,
                                                  Côte d'Ivoire.
                                                  Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Jẹ̀mílà, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ẹsẹ̀ Bàbá Ìkírámù ti fúyẹ́, ṣé ó ti ń rìn dé mọ́ṣáláṣí? Ìkírámù fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ṣé òjò Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ kí àgbàdo yín yọmọ? Ọlọ́run á máa ṣọ́ gbogbo yín. Bí o bá bi mí ní tèmi, mo wà láàyè, Samira ọmọ mi náà wà. Ṣùgbọ́n n kò lè ní ẹ̀jẹ̀ dúdú nínú kí n máa tutọ́ funfun sí ọ. Inú mi kò dùn rárá.

O ti rí àdírẹ́sì òkè yẹn. A ti kúrò nílé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní Anyama. Wọ́n ti ń sọ ọ́ ká àdúgbò Adjamé pé mo sọ ilé di ilé ọtí, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò ní pẹ́ dé ọ̀dọ̀ yín. Gbọ́ ọ lẹ́nu mi ná. Má sì bínú pé "ó" ni mo ń pe Alhaji Làtífù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, nínú lẹ́tà yìí. Ọ̀wọ̀ yẹn ti tán lára mi.

Ìwọ náà mọ̀ pé oko àjàrà ni Mahfuz ọkọ mi ti ṣiṣẹ́ ní Ítálì títí àìsàn àyà fi pa á, tí wọ́n sì sin ín sọ́hùn-ún. Ìdílé kan ló gbà á síṣẹ́, àwọn tó ń pọn ọtí pupa láti ayé bàbá bàbá wọn. Ó máa ń sọ fún mi lórí fóònù pé ọtí wọn kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń kánjú mu. Bó bá ṣì jẹ́ tuntun, wọ́n ní ó ń há ni lẹ́nu bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n. Inú àgbá igi ńláńlá ni wọ́n ń kó o sí fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó rọ ọ́ sígò, wọn a sì tẹ́ ìgò náà sínú yàrá abẹ́ ilẹ̀. Ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, ó ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mahfuz fúnra rẹ̀ kò fi kan ahọ́n rí. Ẹ̀ka ló ń gé, èso ló ń ká.

Ọdún tí mo bí Samira ló kọ́kọ́ ká àjàrà níbẹ̀. Pietro, bàbá olóko, yọ ìgò kan sọ́tọ̀ nínú ọtí ọdún náà, ó ní ti ọmọ Mahfuz ni. Nígbà tí ọkọ mi kú, Adamou tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kó ẹrù rẹ̀ wá fún wa: aṣọ, ẹní ìkírun, àti ìgò náà tí wọ́n fi súwẹ́tà rẹ̀ wé. Samira kò fẹ́ mu ún. Ọmọ tó jẹ́ pé ìgbà mélòó kan péré ló fojú kan bàbá rẹ̀ láyé, ó kàn fẹ́ ohun tí ọwọ́ bàbá rẹ̀ ti kàn ni. Mo gbé e sábẹ́ ibùsùn.

Lọ́jọ́ fídáù ogójì, Fàwàsíyà ìyàwó Alhaji wọ yàrá láti mú ẹní. Ó rí ìgò, ó figbe ta. Alhaji gbé e jáde sáàárín àwọn ààfáà àti àwọn ará Adjamé tó wá kí wa.

"Silifatou, kí ni èyí?"

Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Mo ní bí kò bá fẹ́ ẹ nínú ilé, kí Adamou gbé e padà lọ. Ààfáà àgbà pàápàá ní, "Alhaji, ẹ jẹ́ ká parí àdúà ná." Kò gbọ́. Ó fọ́ ọ mọ́ etí gọ́tà.

Jẹ̀mílà, ọtí náà kò pupa bí mo ti rò. Ó ti ṣá bíi bíríkì tí òjò ti pa. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá, bí òdòdó gbígbẹ, bí ilẹ̀ inú igbó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbóòórùn ibi tí ọkọ mi lo ayé rẹ̀ sí. Fàwàsíyà da Javel, omi tí a fi ń bó aṣọ, lé e, ó fi ìgbálẹ̀ gbá a lọ.

N kò gbè sẹ́yìn ọtí o. Èmi náà ń kírun. Ohun tó dùn mí ni pé Alhaji mọ̀. Ìgbà tí Bàbá Samira wá kí wa kẹ́yìn, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ó sì sọ ọ́ lójú mi: "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ọtí ni mò ń ṣe o. Mo fẹ́ fi í sílẹ̀." Alhaji ní, "Ṣé ìwọ lò ń mu ún ni? Ilé ò tíì kan òrùlé. Padà síbẹ̀." Owó oko àjàrà yẹn tí ọkọ mi ń fi ránṣẹ́ ni Alhaji fi kọ́ ilé Anyama, orúkọ ara rẹ̀ ló sì fi ra ilẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ilé náà gan-an ló dúró sí tó fi ń fọ́ ìgò.

Samira ló dá a lóhùn. O mọ̀ pé ó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ; Tonton ló ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ó ní, "Tonton, ilé náà ńkọ́? Faut verser la maison aussi." Àní kó da ilé náà nù pẹ̀lú. Alhaji gbá a létí. Ó ní kí àwa méjèèjì wá kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì kó tó di Jímọ́ọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí a jáde.

A jáde. Ẹrù wa kò kún gbàkà kan, bọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n ń wọ̀ níbí. Ó ti fi ayálégbé sí yàrá mi báyìí. Èmi ń ránṣọ níbí, Samira ń tajà ní fámásì kan.

Àwọn àgbà wa ní Treichville ti wá, wọ́n ní bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́, kí n mú ọmọ lọ bẹ̀ ẹ́. Samira ní bí mo bá máa lọ, kí n dá lọ. N kò lọ.

Bá mi kí Bàbá Ìkírámù àti àwọn ọmọ, Ìkírámù àti Tasneem. Bá mi kí ìyá rẹ, sọ fún wọn pé aṣọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ bá mi mu. Alhaji ń bọ̀ wálé lọ́dọ̀ yín lóṣù Kejìlá. Bí ẹbí ọkọ mi bá pè ọ́ jókòó sí ọ̀rọ̀ yìí, má bá mi bẹ̀ ẹ́. Má sọ pé ọ̀fọ̀ ló ń dà mí láàmú. Bó bá béèrè bóyá mo ṣì ń bínú, sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni.

Èmi ni tìrẹ títí ayé,

Silifatou.