Kì í ṣe Egungun, Iyanrìn Ni

Parthiv,

Ọ̀gá ayàwòrán egungun, kú iṣẹ́ o! Màmá já bọ́ lórí àkàbà láàárọ̀ yìí, níbi tí wọ́n ti ń gbé máńgòrò onísúgà lọ sá sóòrùn lórí òrùlé. Ọrùn ọwọ́ tó o yà gan-an ló kán. Mo ń gbé wọn lọ sílé ìwòsàn.

Ta ló kì wọ́n láyà? Ṣebí ìwọ ni: "Màmá, egungun yín ṣì le bíi ti ọmọge." Ẹ̀yìn àwòrán tó o fi ń yangàn náà ni mo kọ ìwé yìí sí, torí kò wúlò fún nǹkan mìíràn. Ẹni tó bá sanwó ń lo ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún lábẹ́ ẹ̀rọ MRI rẹ. Ìyá tó bí ọ, ìṣẹ́jú mẹ́rin, kó o lè sáré lọ tò fún ìpanu fafda gbígbóná ọjọ́ Àìkú! Àwòrán wá rí wóró-wóró bí ẹni pé a da iyanrìn sí i, kọ̀ǹpútà ka iyanrìn mọ́ egungun, ìwọ náà sì gbà á gbọ́.

Nu máńgòrò tó dà sílẹ̀, èèrà ti bò ó. Má wá bá wa.

Màmá ní kí n má bú ẹ, pé àwọn làwọn ń mi ọwọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń wo irú àwòrán yìí lẹ́nu iṣẹ́ mi. Tí èèyàn bá mira, etí egungun á di méjì-méjì. Tìrẹ ò rí bẹ́ẹ̀, iyanrìn lásán ni. Ọwọ́ wọn ti kán, wọ́n ṣì ń parọ́ nítorí rẹ.

Vrunda, ẹ̀gbọ́n rẹ